Wáyà Olówó Gọbọi àti Ohùn Ìyá Rẹ

Ilé Alhaji Màmúdù,
Gawon Nama,
Sókótó.
9 Oṣù Kọkànlá, 1985.

Ọpẹ́láyọ̀, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ tó máa ń dà ọ́ láàmú nígbà ọyẹ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀? Àwọn ọmọ iléèwé tí o ń kọ́ ní Ọ̀yọ́ ńkọ́? Níbí, ọyẹ́ ti fẹ́ wọlé, eruku ti bo gbogbo àga. Àlàáfíà ni èmi àti àbúrò mi Bùsírátù wà, a dúpẹ́. Ó ti pé oṣù márùn-ún tí o ti kọ̀wé sí mi kẹ́yìn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Jọ̀wọ́, má ya èyí kí o tó kà á tán.

Nígbà tí àìsàn ìyá rẹ le, tí ìwọ ń múra ìdánwò àṣekágbá, èmi ni mo ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo fún un, mo ní kí ó fi ohùn ara rẹ̀ sọ fún ọ pé kí o máa bọ̀. Mo gba ibi iṣẹ́ wẹ́dà mi lọ, níbi tí mo ti ń jó irin pọ̀. Òun nìkan ló jókòó ti ẹ̀rọ. Awakọ̀ kan gbé kásẹ́ẹ̀tì náà wá fún ọ. O kò wá. Ní ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà ó kú, a sì sin ín láìsí ìwọ níbẹ̀. Nígbà tí o kọ̀wé pé "má bọ̀" ni ìyá rẹ sọ, mo fi ìbínú fèsì pé irọ́ ni, pé ó ń pè ọ́, o kọ etí ikún sí i. O dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà láìfi ọ̀rọ̀ kankan kún un.

Mo gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ wa ti gbó. Ohùn ìyá rẹ ń dún bí ẹni tó fi ìrọ̀rí bo ẹnu. Mo gbọ́ orúkọ rẹ, mo gbọ́ "bọ̀". Bóyá "má" ló ṣáájú rẹ̀ tàbí "máa", kò ṣeé mọ̀. Ọkàn mi ṣáà ní "máa" ni. Mo fẹ́ kí ó dún kedere kí n lè fi hàn pé èmi ni mo jàre. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ni mo bá lọ bá Sàlíhù tó ń ta ẹ̀rọ orin ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú yìí. Ó ní wáyà tó so ẹ̀rọ mọ́ sípíkà ló ń jẹ ohùn. Ó fa ọ̀kan yọ, ó nípọn bí ìka, wúrà ń dán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní, "Baba, wàláhì, bí eṣinṣin bá mí nínú kásẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ó gbọ́ ọ." Owó rẹ̀ tó ra àgbò ọdún. Mo rà á. Mo délé, mo so ó, mo sì ń pariwo pé ó ti yàtọ̀! Bùsírátù tẹ́tí sílẹ̀ títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, owó tí ẹ san lẹ̀ ń gbọ́ yẹn."

Inú bí mi. Mo gbé ẹ̀rọ àti wáyà méjèèjì, ti àtijọ́ àti ti wúrà, lọ bá Mamman atúnrédíòṣe ní Kofar Marke. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní kí n kọjú sí ògiri. Ó ń pààrọ̀ wáyà lẹ́yìn mi, ó ń bi mí pé èwo nìyí. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, mo ké pé, "Háà, wúrà nìyẹn!" Mo yíjú padà, okùn iná áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ àtijọ́ kan ló gé tó fi so ó. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mamman ní, "Kai, Baba Ọpẹ́! Ẹ̀yin wẹ́dà, tẹ́ ẹ ń fi iná ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ta ló sọ fún yín pé iná ń wo wúrà kó tó kọjá?"

Lẹ́yìn náà ló ṣí ibi tí kásẹ́ẹ̀tì ń wọ̀, ó fi irin kékeré tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì hàn mí, ó dúdú fún ìdọ̀tí. Ó ti òwú bọ sípírítì, ó nù ún. Kò pẹ́ ju kí èèyàn bọ́jú lọ. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà síbẹ̀, ó tẹ ẹ̀rọ.

Ọpẹ́, àfi bí ẹni pé ìyá rẹ wọlé sí ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní, "Ọpẹ́láyọ̀, má bọ̀ o. Jókòó ṣe ìdánwò rẹ parí. Bàbá rẹ á fẹ́ kí o wá, má dá a lóhùn; ẹ̀rù ló ń bà á." Kò sí "máa" níbẹ̀ rárá. Mamman gbé àga sún mọ́ mi, ó kó àwọn èèyàn síta, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Ìwọ lo jàre. Ìyá rẹ lo gbọ́ràn sí lẹ́nu, èmi ni mo sì fìyà rẹ̀ jẹ ọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí mo kọ sí ọ, mo kó o jẹ. Dárí jì mí. Òótọ́ ló sọ, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ó sì ń bà mí síbẹ̀, ilé yìí dákẹ́ jù.

Ìyá rẹ ní kí o má bọ̀. Ìdánwò ti parí. Èmi náà ń sọ tèmi báyìí, mo sì fọwọ́ ara mi kọ ọ́ kí ó má baà sí àṣìgbọ́. Lẹ́tà "a" méjì ni o: máa bọ̀.

Kí Olúwa ṣọ́ ọ lọ́nà, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ohun tí o ṣe làálàá lé lórí bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tìrẹ náà yóò gbọ́ tìrẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Gbádéyan.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Sàlíhù kọ̀, kò gba wáyà rẹ̀ padà. Bùsírátù ti so ó bí okùn sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń sá aṣọ lé e. Ó ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ kò yára gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.