Orúkọ Tí Wọ́n Ní Kí N Gé Kúrò

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn iṣẹ́.

Ènìyàn mọ́kànlá ni mo gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó fún ìpolówó iléeṣẹ́ rédíò wa. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń gbọ́ wa. Mẹ́sàn-án ló dárúkọ Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, tó ń ṣe ètò àárọ̀ wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé ìsinmi ni Ẹ̀gbọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ ti lé e.

Ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú tilẹ̀ kọ́kọ́ ṣàdúrà: "Káyọ̀dé ọmọ mi, ìwọ lò ń jí mi láràárọ̀. Ọlọ́run á dá ọ padà sọ́dọ̀ wa láyọ̀."

Àǹtí Bísí, ọ̀gá wa, ní kí n gé orúkọ yẹn kúrò níbi gbogbo. Mo ní mi ò gé e.

"Ṣé ìyekan ẹ ni?"

"Òun ló mú mi wọṣẹ́, mà, nígbà tí gbogbo yín ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Oko ò tíì kúrò lára ẹ. Gbé kọ̀ǹpútà yẹn fún Túndé."

Túndé, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, gé e. Nínú ìpolówó tó jáde lọ́sàn-án, Ìyá kàn ń yin rédíò wa, bí ẹni pé kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́. "Àbúrò, mo gbọ́ wọn. Àwọn èèyàn mà tètè ń gbàgbé èèyàn o."

Mo fi odindi ohùn Ìyá ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, tàdúràtàdúrà. Mo rí àmì pé Ẹ̀gbọ́n ti gbọ́ ọ. Kò tíì fèsì.