Àmì Kékeré Tó Wà Lábẹ́ Aláṣọ

"Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mi ò tíì kú! Kọ ọ́ gàdàgbà, kó má baà fojú fò ó!"

Ohun tí Ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo láti inú yàrá nìyẹn. Inú ìwé tèmi ni mo ti kọ́kọ́ ń kọ lẹ́tà wọn, torí mo máa ń ṣe àṣìṣe. Tó bá yá, màá dà á kọ sínú pépà tó mọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní ìlú ńlá. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò. Ọ̀rọ̀ wọn nìyí.

Àkọ́bí mi, ara rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, ṣé òrùlé tí ẹ wà lábẹ́ rẹ̀ kò jò mọ́? A ò ní fojú wá ara wa kí á má rí ara wa. Àlàáfíà la wà díẹ̀díẹ̀, àbúrò rẹ ṣì ń dijú mágbárí, ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn. Ohun tó kàn ṣẹlẹ̀ ni pé mo ti kú láti ọjọ́ Ajé. Má sunkún. Àwọn ilé ìwòsàn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi bí mo ṣe máa ń gbà á. Akọ̀wé ojú fèrèsé wo kọ̀ǹpútà, ó wò mí, ó tún wo kọ̀ǹpútà, ó ní Màmá, ẹ ti kú. Ó ní tí orúkọ méjì bá jọra jù, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹnì kan náà ló forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì sọ wọ́n di ọ̀kan. Ṣé o rántí Ìyá Alásọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò, ẹni tó ń bá gbogbo ayé jà, tó tún ń bá ewúrẹ́ jà? Ó kú lóṣù tó kọjá. Òun ni wọ́n ní èmi ni. Èmi Ìyá Aláṣọ, tí mo ń rán aṣọ mi jẹ́jẹ́.

Akọ̀wé ní ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà fi orúkọ wéra. Èkíní ń ka iye lẹ́tà tí wọ́n máa pààrọ̀ tàbí tí wọ́n máa fi kún un kí orúkọ kan tó di èkejì. Alaso ni àbúrò rẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù fún mi, Alasoo ni ọmọ olóògbé kọ fún un, lẹ́tà kan péré ló wà láàárín wa. Èkejì kì í ka lẹ́tà ní tirẹ̀, ìró ló ń tẹ̀ lé. Á yọ gbogbo fáwẹ́lì dànù, á wá wo èyí tó kù. Ó yọ tèmi, ó ku l àti s. Ó yọ tirẹ̀, ó ku l àti s. Ni àwọn méjèèjì bá fẹnu kò. Mo bẹ akọ̀wé pé kó bá mi kí wọn nínú ibi tí wọ́n wà, kó jẹ́ kí n bá èyí tó ń tẹ̀ lé ìró sọ̀rọ̀, ó jọ pé òun ló ní làákàyè díẹ̀. Mo fẹnu sún mọ́ gíláàsì, mo ní Aláṣọ, ṣọ, ṣọ, bí aṣọ. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ní kò létí. Mo ní báwo ni ẹni tí kò létí ṣe ń tẹ̀ lé ìró? Ó pe ẹni tó tò tẹ̀ lé mi.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Oògùn tó kù nínú ike kò ju mẹ́fà lọ, mo ti ń gé e sí méjì. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tí ẹ̀rọ tó mọ̀wé tó báyìí bá lè ṣì wá mú fún ara wa, ikú tó wá sí àdúgbò wa lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ta ló wá mú gan-an? Tó bá padà wo ìwé rẹ̀, tó wá rí i pé àmì wà lábẹ́ s orúkọ náà ńkọ́?

Èmi ni mo ń kọ ibí yìí o, kì í ṣe Ìyá. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Lánàá mo pè wọ́n láti ìta, wọ́n dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n rọra ní, "Èwo nínú wa?" Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Ó yá, ọ̀rọ̀ wọn ń lọ.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n wá sọ́dọ̀ rẹ, torí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi níbẹ̀ tó fi máa ṣì í pè. Bá mi ra oògùn náà pẹ̀lú, orúkọ tìrẹ ni kí o fi rà á. Akọ̀wé ní tí ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù bá wá fọwọ́ sí i pé òun ló ṣì í kọ, wọ́n á yà wá sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ ní òun fi àmì sábẹ́ s yẹn, kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́. Mo gbà á gbọ́, ọmọ mi kì í purọ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn ò ní fi orúkọ rẹ pe ẹlòmíì. Níbi tí aburú bá ti ń wá èèyàn, kò ní mọ orúkọ tó ò ń jẹ́. Èmi ìyá rẹ, tí kò tíì kú.

Ó parí. Irọ́ ni mo pa fún Ìyá. Mi ò fi àmì kankan sí i. Wọ́n ti ní mi ò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn, inú ń bí mi, mo kọ fọ́ọ̀mù náà bí ẹni tí ilé ń jó. Àmì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri lókè fèrèsé akọ̀wé pé ẹni tó bá kọ irọ́ sínú fọ́ọ̀mù, ẹ̀wọ̀n ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ bóyá àmì tí èèyàn ò fi sí i náà ń jẹ́ irọ́.

Wọ́n ti ń pè mí kí n wá kà á sókè. Màá kà á títí dé ibi tí wọ́n ti ní ọmọ àwọn kì í purọ́, ohùn mi ò sì ní gbọ̀n. Màá dà á kọ, màá fa ojú ewé yìí ya. Tó bá di àárọ̀ ọ̀la, kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́, màá kọ́kọ́ yà sójú fèrèsé yẹn, màá fọwọ́ sí i, màá sì fi gbogbo àmì sí orúkọ mi. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.