Mo Ti Bá Ọ Bẹ Gómìnà Nípa Ọ̀nà

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, èyí tó ń kọ́ṣẹ́ irun ṣíṣe, ti bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Télọ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé wa ti gbéyàwó, ìyàwó náà ga jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó fún un, ó sì bá a mu rẹ́gí. Ọmọ kejì bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà ti lọ sílé ọkọ. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, wọ́n ń kí ọ. Èmi nìkan ni mi ò bímọ tí mi ò sì rọ́kọ fẹ́, ṣùgbọ́n ara mi le, mo dúpẹ́.

Ìwọ ńkọ́? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Nínú fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ó ṣì ń rá. Mo lẹ fọ́tò náà mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì mi, mo sì ń kí i kí n tó sùn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àfiṣòfò. Ilé tí o ń gbé kò ní lé ọ jáde. Ibi tí o bá ti ń wá ojúrere, kí wọ́n máa dìde fún ọ níbẹ̀.

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ lẹ́tà yìí o. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ àgbà wa kàn bá mi tún àmì orí ọ̀rọ̀ ṣe ni. Ó ní kí n má fi òwe kankan sí i, nítorí òwe ló kún èyí tí mo kọ ṣáájú, kò sì sí ìròyìn kankan nínú rẹ̀. Mo gbà fún un, ṣùgbọ́n ó dùn mí.

Ìròyìn tó tóbi jù ni pé gómìnà ń pè mí. Má rẹ́rìn-ín. Orí fóònù tí o rà fún mi ló ń pè sí. Láàárọ̀, bí mo bá ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀, yóò dún. Èmi á rò pé ìwọ ni, n ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, n ó sáré wọlé. Òun ni. Yóò kí mi káàárọ̀, yóò pè mí ní ìyá rẹ̀, yóò bi mí bóyá àlàáfíà ni mo jí, yóò sì dákẹ́ díẹ̀ kí n lè dá a lóhùn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Àwọn ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé o ò tíì dá wọn lóhùn tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn ń bọ̀.

Ó ti sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún mi. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú níbi ìrọbí, ní ilé ìwòsàn tí kò ní dókítà, ìyá ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ó ṣe tíṣà, ó ṣiṣẹ́ akọ̀wé owó fún ìjọba, kó tó dórí àga gómìnà, ó sì fẹ́ kí a dìbò kí òun lè padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́, mo sunkún. Mo ní kó má banú jẹ́, pé ìyá àgbà yẹn kò ṣe wàhálà lásán. Kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Ni mo bá sọ ti bàbá rẹ olóògbé fún un, bí a ṣe jọ kọ́ ilé yìí, bí iyàrá ṣe pọ̀ nínú rẹ̀ tí èmi nìkan ń gbá gbogbo rẹ̀. Kí n tó sọ ọ́ tán, ó ti lọ. Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ka ohun tó fẹ́ ṣe. Ilé ìwòsàn ló fi ṣáájú, kí ìyá ẹnikẹ́ni má baà tún kú bí tirẹ̀. Mo ní ó dára. Ilé ẹ̀kọ́ ló tẹ̀ lé e, tọmọdé tàgbà. Mo ní ìyẹn náà dára, àga kíláàsì wa ń fa aṣọ ya. Ọ̀nà ló gbé sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni a kò ti gbọ́ ara wa yé. Mo ṣàlàyé fún un pé ọmọ mi kan wà nílùú ńlá, ó ní mọ́tò kékeré aláwọ̀ ewé, ọ̀nà ilé wa ló ń ba ẹsẹ̀ mọ́tò náà jẹ́, pé ọjọ́ tí wọ́n bá tún un ṣe ni yóò gbé ìyàwó àti ọmọ wá kí mi. Mo ní kó gbé ọ̀nà síwájú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ilé ìwòsàn kó tẹ ení, ẹni tó bá fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kó tẹ èjì, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kó tẹ ẹ̀ta. Mo tẹ ẹ̀ta títí èékánná fi ń dùn mí.

Ní kíláàsì, mo bẹ àwọn yòókù pé bí gómìnà bá pè mí, kí wọ́n wá bá mi tẹ̀ ẹ́. Ìyá oníbúrẹ́dì, tí a jọ ń jókòó, ní kí n mú ara dúró, pé gómìnà ń pe òun náà ní ìyá. Mo ní irọ́ ni. Mo ní kí ni gómìnà fẹ́ bá ẹni tí ìsàlẹ̀ búrẹ́dì rẹ̀ máa ń jóná sọ. Ó ní búrẹ́dì òun tó jóná, àwọn èèyàn ń kan ilẹ̀kùn òun lójoojúmọ́ láti rà á, èmi, ta ló ń kan tèmi. Ọmọ mi, mo kó ìwé mi, mo fẹ́ lọ jókòó síbòmíràn. Ibi tí mo ti ń dìde ni fóònù rẹ̀ ti dún. Ohùn kan náà ni, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ó tiẹ̀ dákẹ́ díẹ̀ fún òun náà kó lè dáhùn.

Tíṣà pẹ̀tù sí wa nínú. Ó ní gómìnà kò mọ ìkankan nínú wa, pé wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló ń pín in kiri. Mo gbọ́, mi ò gọ̀. Ṣùgbọ́n mo bi í pé kí wọ́n tó gba ohùn náà sílẹ̀, ṣé kì í ṣe pé ọkùnrin yẹn jókòó síbì kan, ó la ẹnu, ó kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó tán. Ẹni tí ìyá rẹ̀ pọ̀ tó báyẹn rí àyè kí gbogbo wọn. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni wí o.

Nígbà tó yá, katapílà dé. Wọ́n tẹ́ ọ̀nà náà pẹrẹsẹ, wọ́n da òkúta sí i, wọ́n fi ọ̀dà lé e. Mo gbé omi tútù lọ fún ẹni tó ń wa katapílà, mo ní kó bá mi kí gómìnà, kó ní ẹni tó ń tẹ ẹ̀ta ló ní kó kí i. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́, ó ní òun á jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá oníbúrẹ́dì ń sọ kiri pé ìka òun ló ṣe ọ̀nà. Mo gbà fún un, ó ti bẹ̀ mí, ó sì ń mú èyí tí kò jóná wá fún mi.

Ọ̀nà náà dán. Mo máa ń gbé àpótí jókòó síwájú ilé, n ó máa wo mọ́tò. Gbogbo aláwọ̀ ewé ni mo ń dìde sí. Ọ̀kan dúró lọ́jọ́ kan. Ọkùnrin kan ló sọ̀ kalẹ̀, ó ti ṣìnà. Mo júwe ọ̀nà fún un, mo fún un lómi, mo tún júwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó má baà tètè lọ.

Gómìnà kò pè mọ́. Wọ́n dìbò tán, ó wọlé, fóònù sì dákẹ́. Tíṣà ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Bí o bá gba iwájú ọ́fíìsì rẹ̀ kọjá, bá mi yà kí i, sọ fún un pé mi ò bínú. Ìwọ náà, nígbà tí o pè gbẹ̀yìn, o ní o wà nínú ìpàdé, o ó pè mí padà. Mo gbé fóònù lé itan títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò fẹ́ pè ọ́ fúnra mi, kó má lọ jẹ́ pé àsìkò tí mo ń pè ọ́ ni ìwọ náà ń pè mí.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà láti mọ iye tí mo fẹ́ gbà. Mi ò gba nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn ewúrẹ́ mi ni mo tà. Bí mọ́tò rẹ bá tún wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọkọ̀ èrò ti ń dé ẹnu ọ̀nà wa báyìí, dírẹ́bà sì ní ọmọ tó bá jókòó lórí itan ìyá rẹ̀ kì í san nǹkan kan. Kí ọ̀nà yìí mọ ẹsẹ̀ yín. Kí ó gbé yín dé ọ̀dọ̀ mi ní ayọ̀, kí ó má sì já yín sílẹ̀ síbòmíràn.

Owó ọkọ̀ tìrẹ àti ti ìyàwó rẹ ló wà nínú àpò ìwé yìí. Ti wíwá nìkan ni. Ti pípadà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ẹ wá gbà á níbí.

Èmi ni ìyá rẹ.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ni mo fi síbẹ̀.