Ohun tí Mo Rí sí Ìwé Ìwádìí Tí O Fi Ránṣẹ́, àti Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀kùn Àbúrò Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ìwé ń wọ orí? Ara ìyá rẹ le, ara tèmi náà le ju ti ọ̀dọ́mọkùnrin lọ, lánàá yìí ni mo dá gbé férémù ilẹ̀kùn lé èjìká tí àwọn èèyàn dúró tí wọ́n ń wò mí. Ọlọ́run tó fi ọ́ ṣe àkọ́so fún mi kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wọ́, ibi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ti ń làágùn, atẹ́gùn ni yóò máa fẹ́ sí ọ. Àmín.

Mo rí ìwé tí o fi rán awakọ̀. O ní kí n má bínú pé o kò lè wálé, pé olùkọ́ yín ní kí ẹ ka ohun tí ọ̀mọ̀wé kan kọ nípa bí ọmọ tó ń bàlágà ṣe ń dàgbà, kí ẹ sọ ọ́ ní ṣókí, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ibi tó dára àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó. O ní kí n kàn wo bó ṣe nípọn tó ni. Ọmọ mi, o ṣeun tí o kò lọ fi lọ ẹlòmíràn. Lóòótọ́ ìwé mẹ́ta ni mo kà kí n tó gbé ayùn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́lé, òun náà ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Mo ti bá ọ ṣe iṣẹ́ náà. Má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò, ṣáà fi orúkọ rẹ sí i.

Tíṣà tó gba yàrá iwájú ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ní ṣókí, ọ̀mọ̀wé náà ní tí ọmọ bá ń bàlágà, ọpọlọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́, yàrá ìgbónára ti parí, yàrá ìrònú kò tíì rí òrùlé. Ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń fẹ́ àyè tirẹ̀, àti pé òbí tó bá ń sọ ìdí tí òun fi ṣòfin, tó sì ń fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ kí ọmọ dá pinnu, òun ni ọmọ máa ń fẹnu ara rẹ̀ ròyìn fún. Òbí tó bá ń já wọ ọ̀rọ̀ ọmọ, ọmọ á pa ẹnu mọ́. Ó tán. Odidi ìwé ló fi sọ ìyẹn, èmi ti sọ ọ́ tán kí omi ìyá rẹ tó hó.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó pọ̀. Ó ní òun bi àwọn ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ léèrè, kò sì dárúkọ ẹyọ kan. Mo ní kí tíṣà tún un kà, bóyá ó fò ó. Ó ní wọn kì í dárúkọ, kí ojú má baà ti ọmọ. Bí mo bá ní mo ti kan ilẹ̀kùn fún ẹgbẹ̀rún ilé, tí mi ò lè júwe ilé kan, ta ló máa gbà mí gbọ́? Ìwé náà tún ní orí fóònù ni àwọn ọmọ náà ti dáhùn, ọ̀mọ̀wé kò fojú kàn wọ́n. Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé ọmọ ló ń dáhùn, tí kì í ṣe fóònù? Ẹ̀yìn ìwé ló wá to orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn sí rẹrẹẹrẹ, pé àwọn náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó ń sọ òtítọ́ kì í kó ẹlẹ́rìí tó tó yẹn lẹ́yìn. Èyí tó bí mi nínú jù ni pé kó tó parí, òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ òun ní ibi tí kò kún. Irú oníṣẹ́ wo nìyẹn? Ṣé mo lè gbé àga fún oníbàárà kí n ní ẹ jókòó sà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kẹrin yẹn kò dá mi lójú? Kọ ìyẹn tìbínú-tìbínú.

Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni, nítorí náà mo pe ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn àbúrò rẹ àbíkẹ́yìn. O kò tíì gbọ́ pé mo yọ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn, mo débẹ̀, ó ti gbé àga ti ilẹ̀kùn láti inú. Ilẹ̀kùn tí mo kàn, àga tí mo kàn! Mo bọ́ ilẹ̀kùn náà, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ ní kí n kúkú ra kọ́kọ́rọ́ fún ọmọbìnrin tó ti ń dàgbà. Mo búra níwájú ìsọ̀ onírin tó ń ta kọ́kọ́rọ́ pé láéláé, kọ́kọ́rọ́ kò ní tọwọ́ mi wọ yàrá ọmọ. Láti ìgbà náà, aṣọ ló ta sẹ́nu ọ̀nà. Onílẹ̀kùn ni gbogbo àdúgbò ń pè mí, aṣọ ni ọmọ mi ń ṣí wọlé. Ẹ káàárọ̀ sà nìkan ló ń bá mi sọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ti gbọ́, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní Sátidé wá mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn pátápátá, pé yàrá kan wà níbẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn. Àbúrò rẹ ti di ẹrù rẹ̀. Tí ìyá rẹ bá ń gbé oúnjẹ mi kalẹ̀, àwo ló ń bá mi wí.

Mo ní kí tíṣà bi í ní ìbéèrè ọ̀mọ̀wé náà, èyí tí ọmọ máa ń fi nọ́ńbà dáhùn, ọ̀kan túmọ̀ sí rárá o, márùn-ún túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni gan-an. Mo jókòó tì wọ́n kó má baà purọ́. Tíṣà bi í pé ṣé òbí rẹ máa ń fetí sí ọ. Ó wojú mi, ó ní èwo ni kí òun mú, sà. Mo ní èyí tó bá wù ú. Ó ní ṣé ó dá yín lójú, sà. Mo ní ó yá, kó mú márùn-ún. Ó mú márùn-ún. Nítorí náà kọ ọ́ síbẹ̀ pé nílé tí wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn, márùn-ún ni a rí. Tíṣà ní ìyẹn kò lè wọ ìwádìí, pé ojú mi ti wà níbẹ̀. Mo ní ojú yìí náà ló tọ́ ọmọ náà dàgbà.

Mo wá ní kí n dán apá kejì wò, ti kí ọmọ dá pinnu, kí irọ́ ọ̀mọ̀wé náà lè tán nílẹ̀. Mo pe àbúrò rẹ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ́ ilẹ̀kùn náà sórí tábìlì iṣẹ́, mo ní kó dá pinnu, ṣé kó máa ṣí sínú ni àbí síta. Ó ní sínú. Mo ní kí ló dé. Ó ní kí òun lè rí àga gbé tì í. Inú ti fẹ́ máa bí mi, mo rántí pé ìwádìí ni, mo dákẹ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ ló wá ní, Bàbá, oníbàárà yín kan wà, tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ fọwọ́ lẹ́yìnkùlé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun ṣì ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́ nígbà tí mo gbé ilẹ̀kùn lọ.

Má kọ ìyẹn fún olùkọ́ rẹ, ọ̀rọ̀ ilé ni. Oníbàárà náà ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ó ń tiro díẹ̀, pákó ló já lé e lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Pákó mi máa ń já.

Ìdájọ́ mi ni pé ìwé náà kò dára tó. Òtítọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí kò mọ ilé mi ló máa sọ ọ́.

Mo ti gbé ilẹ̀kùn náà padà, sínú ló ń ṣí. Ẹrù àbúrò rẹ ṣì wà ní dídì. Bá mi ra kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, ojúlówó, èyí tí a ń tì láti inú. Mi ò lè rà á níbí, onírin gbọ́ ìbúra mi, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdérí. Owó rẹ̀ kò wọ́n mi, ṣùgbọ́n ìwọ ni kí o san án, kó lè jẹ́ pé kò tọwọ́ mi wá. Tíṣà ni yóò fi í sí i, èmi yóò dúró síbẹ̀ máa júwe fún un. Fi rán awakọ̀ kí Sátidé tó pé. Ọmọ kọ́kọ́rọ́ méjì ló máa ń bá a wá, kọ orúkọ àbúrò rẹ sí méjèèjì. Èmi kò ní ibi tí mo máa fi ìkejì sí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ilé tìrẹ. Ẹni tí o bá fẹ́ kó wọlé ni yóò wọlé tọ̀ ọ́, ẹni tí o kò fẹ́ yóò dúró síta, ìbáà jẹ́ èmi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Onílẹ̀kùn