Ẹ̀bẹ̀ Kí Ẹ Jẹ́ Kí A Dí Ọ̀nà Iná Tó Ń Padà Sẹ́yìn

Ilé Ìwòsàn Libumbu,
Àgbègbè Namushi,
Zambia.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta, 2021.

Ọ̀gá Àgbà Ìlera,
Ọ́fíìsì Ìlera Àgbègbè,
Namushi.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÈDÌDÌ ARA ÀPÓTÍ RÉDÍÒ ILÉ ÌWÒSÀN LIBUMBU

Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ìwòsàn yìí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ara mi ò balẹ̀ rárá bí mo ti ń kọ̀wé yìí. Bí omi bá ti bo pápá, kò sí ọ̀nà mọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ò sì dé ibí. Rédíò nìkan la fi ń pe ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé aláìsàn.

Bátìrì ńlá tí sólà ń fi iná kún jẹ́ fólítì mẹ́rìnlélógún. Méjìlá ni rédíò ń lò. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láàárín tó ń dín iná náà kù. A so bátìrì kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò, kí ó lè máa ṣiṣẹ́ bí ti ńlá bá kú. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí ti ńlá bá kú lóòótọ́, iná inú bátìrì kékeré á yíjú padà, á gba ẹnu tí iná ń gbà jáde wọ inú ẹ̀rọ náà, á sì jó o. Méjì ló jó báyìí lọ́dún 2018. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ni mo bá fi dáyóòdù sẹ́nu ibẹ̀: ohun tí kò ju èékánná lọ, tó ń jẹ́ kí iná jáde, tí kì í jẹ́ kó padà. Fún odindi ọdún méjì, ẹ̀rọ kankan ò jó mọ́.

Ní oṣù Kìíní, Ọ̀gbẹ́ni Mukelabai tí ẹ rán wá ṣàyẹ̀wò wọn iná ibẹ̀, ó ní ó fi ìdajì fólítì dín. Òótọ́ ni, ohun tí dáyóòdù ń jẹ nìyẹn, rédíò ò sì mọ̀ ọ́n lára. Níṣojú Nọ́ọ̀sì Inonge ló sọ fún mi pé, "Àbúrò, ṣé ìwọ lo ṣe ẹ̀rọ yìí ni, tó o fi ń bá wọn fi nǹkan kún un? Kò sí nínú àwòrán tí wọ́n fún mi." Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó ya àwòrán yẹn ò tíì rí òjò Libumbu rí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ sápò, ó fi èdìdì ti àpótí náà, ó ní ẹni tó bá já a, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́.

Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejì, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́rin, bátìrì ńlá kú. Ẹ̀rọ náà jó, bátìrì kékeré náà sì gbẹ. Ọjọ́ kejì ni Namukolo, aboyún kan tó wà lọ́dọ̀ wa, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ọmọ inú rẹ̀ sì dábùú. A tẹ rédíò títí, kò fọhùn. Ọkọ rẹ̀ fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ gbé e lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án. Namukolo yè, ọmọ náà ò yè. Inú ń bí mi, ẹ̀yin ọ̀gá, n ò ní fi pamọ́ fún yín. Ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Mukelabai kọ sínú ìwé ni pé àìbójútó mi ló jó ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ tuntun tí ẹ fi ránṣẹ́ dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sì so ó mọ́ rédíò, tòun ti èdìdì tuntun, láìsí dáyóòdù. Ọjọ́ kẹta rèé tí a ò rí oòrùn. Mwangala, tó jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́, wà nílé àwọn aboyún níbí, ó ń retí ọjọ́ rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láṣẹ lórí rédíò kí n tún ọ̀nà náà dí.

Àárọ̀ ni mo kọ èyí tó wà lókè yìí. Ní ọ̀sán yìí, Mwangala ti ń rọbí, bátìrì ńlá sì ti ń lọ sílẹ̀. Mo ti já èdìdì náà. Mo yọ dáyóòdù lára rédíò àtijọ́ kan, mo sì ti fi òjé jó o mọ́ ibẹ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti dáhùn, wọ́n ní àwọn ti gbéra; àwọn ni màá fi ìwé yìí rán sí yín. Bí iṣẹ́ mi yóò bá bọ́, kí ó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá rán wá gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó yọ dáyóòdù náà.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á débí.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ yìí, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì jẹ́ tèmi,

Sitali Liswaniso,
Olùtọ́jú Ẹ̀rọ.