Bàlúùnù Tí A Kò Tú Sílẹ̀ fún Bàbá

Bàbá mi àtàtà,

Mo tún wọ ọkọ̀ ojú omi Soundview tí a jọ máa ń wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òkè níta ni mo jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ti máa ń bá yín du fìlà, tí ẹ kì í sì í gbà láti wọlé. Ẹ óò máa jẹ ẹ̀pà, ẹ óò kó èèpo rẹ̀ sápò kóòtù, torí ọmọ Ẹ̀pẹ́ kì í da ìdọ̀tí sómi. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí dọ́fíìnì méjì, ẹran omi tó dà bí ẹja ńlá, yọrí sókè láti mí? Ẹ ṣí fìlà fún wọn bí ẹni pé àgbà ìlú ló ń kọjá. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín ló ń pa mí báyìí.

A ti ṣe ìrántí ọdún kan tí ẹ papò dà. Ẹ̀gbọ́n mi ra bàlúùnù búlúù, ó fẹ́ kí kálukú wa kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ká tú wọn sílẹ̀ létí omi, bí àwọn ará ìlú òyìnbó níbí ṣe ń ṣe. Ó wù mí náà. Ìyẹn kó tó di pé mo bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ ṣa ìdọ̀tí ní etíkun Rockaway. Òkú dọ́fíìnì kan wà níbẹ̀, rìbọ́ọ̀nù yọ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń tọ́jú ẹran omi fa rìbọ́ọ̀nù náà, bàlúùnù ló tẹ̀lé e. Ó ti rún, ṣùgbọ́n a ṣì lè ka ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀: ọmọ kan ló ń kí bàbá rẹ̀ tó ti kú.

Mo sunkún, Bàbá. Bí ọ̀rá tàbí ike bá dí àwọn dọ́fíìnì nínú, ebi ni yóò pa wọ́n tòun ti ikùn kíkún. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe àbùùbùtán náà.

Nígbà tí mo ní ká má tú bàlúùnù sílẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi rò pé n kò fẹ́ yẹ́ yín sí ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, tó bá ń bínú, ìkòkò tó mọ́ ló máa ń fọ̀. Ta lẹ bá dá láre nínú wa? Mo fi fọ́tò bàlúùnù náà hàn án. Ó kà á, ó tún un kà, ó wá abẹ́rẹ́, ó sì bẹ́ tiwa tán ní kíṣìnnì.

A lọ sétí omi lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe, ló bá di tèmi mú. A kò di ara wa lọ́wọ́ mú bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ẹ ti ń mú wa sọdá títì.

Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Èmi àbíkẹ́yìn yín.