Ilé Ẹnu Géètì Skelbeck àti Ọkọ̀ Tí Kò Rìn Mọ́

Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún ni mí, n kò sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Lọ́yà tó jókòó tì mí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn kó tó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Mo ní kó mu tíì rẹ̀. Èmi, Dorcas Ellen Raistrick, tí mo ń gbé ní ilé ẹnu géètì ojú irin ní Skelbeck, ni mo ń sọ èyí. Orí mi pé. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó jẹ́ tèmi. Ìwé ìhágún èyíkéyìí tí mo ti ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ fi dáná.

1. Pamela Hird ti ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. N kò fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, òun náà kò sì fẹ́ràn mi, ìyẹn ló fi dára fún iṣẹ́ náà.

2. Pamela náà ni yóò kó àwọn adìyẹ mi. Èyí tó funfun ti dẹ́kun yíyé ẹyin. Kó má ṣe pa á.

3. Ilé yìí, tí bàbá mi ti ń ti géètì mọ́ àwọn mọ́tò bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, tó sì ń ṣí i bó bá ti kọjá, tí èmi náà ti ṣí i títí ìjọba fi hú irin, tí mo sì rà lọ́wọ́ wọn: kí a tà á, kí gbogbo owó rẹ̀ lọ fún ẹgbẹ́ tó to irin padà, tó ń gbé ojú irin Skelbeck ró, kí wọ́n fi tún ìkòkò ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú irin wọn, èyí tó ń se omi, ṣe, kí ọkọ̀ náà lè tún rìn. Kì í ṣe fún nǹkan mìíràn.

Gareth, ọmọ àbúrò mi, rò pé òun ni yóò jogún ilé yìí. Ó ti wọn àwọn fèrèsé fún kọ́tìnì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi ní rí i gbà. Ojú irin ẹyọ kan la ní. Ọ̀pá kan ló wà fún un, dẹ́rẹ́bà tí ọ̀pá náà kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ kúrò ní ibùdókọ̀, kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Nínú oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, ní òpin ọ̀sẹ̀ tí àwọn òbí máa ń kó ọmọ wọn wá wo ọkọ̀ eléèéfín, Gareth ló dé fìlà ọ̀gá ibùdókọ̀. Ó gbé ọ̀pá náà fún ọmọdébìnrin kan kí ìyá rẹ̀ lè yà á ní fọ́tò, òun wá lọ bu kéèkì. Nígbà tó fi máa padà dé, mọ́tò wọn ti gbéra, ọ̀pá sì wà nínú mọ́tò.

Ọkọ̀ ti kún fọ́fọ́. Wilfred Dinsdale, bàbá Gareth, ni dẹ́rẹ́bà tó wà lórí ẹ̀rọ. Gareth ní kó ṣáà máa lọ, pé kí ló fẹ́ pàdé lọ́nà, àgùntàn? Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Wilfred rọra nu ọwọ́ rẹ̀.

“Ọmọ mi, ọ̀pá ò sí lọ́wọ́ mi. Mi ò lọ.”

“Bàbá, eré là ń ṣe níbí. Àbí ẹ ò mọ̀ pé eré ni?”

Wilfred pa iná ẹ̀rọ, ó sì rìn lọ sílé. A dá owó gbogbo èrò padà, ti Sátidé àti ti Sọ́ńdè. Owó yẹn là bá fi tún ìkòkò ẹ̀rọ ṣe, nítorí àṣẹ tí wọ́n fún wa láti máa lò ó parí ní Kérésìmesì. Ìyá ọmọ náà fi ọ̀pá ránṣẹ́ padà, ó fi ṣokoléètì sí i. Ọ̀pá dé, ṣùgbọ́n owó ti lọ; nígbà tí Kérésìmesì kọjá, ọkọ̀ kò lè rìn mọ́. Láti ọjọ́ náà Wilfred kò bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

4. Fún Gareth: àga tó máa ń gùn nígbà tó bá wá wọn fèrèsé mi.

5. Fún Wilfred: àsíá aláwọ̀ ewé tí mo máa ń jù fún ọkọ̀ pé kó kọjá, àti àtùpà ẹnu géètì.

Kó tó fẹ́ Ivy àbúrò mi, ó máa ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tó bá ń kọjá níwájú ilé wa. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ń fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, bí òfin ṣe wí. Ivy mọ̀. A jọ ń mu tíì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ títí tó fi kú, a kò sì mẹ́nu bà á.

6. N kò retí pé owó ilé yìí yóò tó. Igi ti ń hù láàárín irin. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ náà, mélòó nínú wọn ló lè gbé ṣọ́bìrì èédú? Wọ́n ti dìbò pé àwọn yóò ta ọkọ̀ náà bí owó kò bá jáde kí Ọdún Àjíǹde tó dé. Mo ṣì máa ń jáde lọ ti géètì ní àsìkò tí ọkọ̀ máa ń kọjá. Màá dúró. Kò sí ohun tó ń bọ̀. Màá tún un ṣí.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ orúkọ mi: Dorcas E. Raistrick
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì, ọdún 2019

Ó ṣojú wa: Edith Capstick, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, Bernard Thwaite, alápatà

Lọ́yà ní ohun tí a bá kọ sábẹ́ ìfọwọ́sí kò lágbára. Mo ń kọ ọ́. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ojú irin, nígbà tí ẹ ń to irin padà, ẹ̀yìnkùlé mi lọ̀nà gbà. Mo hú rúbáàbù mi, ewébẹ̀ tí mo gbìn síbẹ̀, mo fún yín nílẹ̀, n kò gbowó. Ẹ ní ọjọ́ tí mo bá nawọ́ ní géètì, ọkọ̀ yóò dúró gbé mi. Ní òpin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àwọn òbí kó ọmọ wọn wá, mo wọ ẹ̀wù òtútù tuntun, mo nawọ́. Ọkọ̀ kún. Ẹ juwọ́ sí mi, ẹ kọjá. N kò nawọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Bí ọkọ̀ náà bá tún rìn, kó dúró ní géètì mi, bí mo wà láyé bí n kò sí. Ẹ jẹ mí ní ìdúró kan. Ẹ san án.